Pákó Tíṣà Cornelius

Agádágodo kò já. Ó kàn ń rọ̀ lára ẹ̀wọ̀n ilẹ̀kùn ni, ẹnu rẹ̀ yà sílẹ̀. Nínú ilé iṣẹ́, gbogbo nǹkan wà níbi tí ó yẹ kí ó wà: ẹ̀rọ ráútà, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bíi ti àwọn fọkanáísà, àwọn agolo ọ̀dà. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí. Pákó ìrókò kan ni, ẹsẹ̀ bàtà méje ní gígùn, méjì ní fífẹ̀, ó sì nípọn tó ìka mẹ́ta.

Sájẹ́ńtì Nọ́síràtù dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọ̀kadà ni ó gùn, nítorí pé mọ́tò tésàn ti gbé ọ̀gá lọ sí Àbẹ̀rẹ̀. Òjò àná ti sọ gbogbo ọ̀nà di ẹrẹ̀ pupa. Bàtà rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì díbọ́n pé ó dùn.

Ẹ̀yìn odi Iléṣà ni ilé iṣẹ́ náà wà, ní ọ̀nà Ìbòkun. Pátákó ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi ọ̀dà kọ lásán. Wọ́n á lẹ rọ́bà mọ́ ojú igi. Wọ́n á gé lẹ́tà sára rọ́bà náà, wọ́n á bó ìyókù kúrò, wọ́n á wá fi afẹ́fẹ́ líle fẹ́ yanrìn gbígbẹ lù ú. Ibi tí rọ́bà bò, yanrìn kò ní rí i ṣe. Ibi tí kò bò, yanrìn á jẹ ẹ́ wọlẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí rọ́bà, lẹ́tà á yọ sókè bí eegun èjìká. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà.

Ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá Micah, ẹni ọgọ́ta ọdún, ni ó ni ilé iṣẹ́, òun ni ó sì ń fẹ́ yanrìn. Gbọ́láhàn ni ó ń lo ráútà, ẹ̀rọ alábẹ tí wọ́n fi ń gbẹ́ etí pátákó. Kàósárà ni ó ń kun ọ̀dà.

Micah kí sájẹ́ńtì pẹ́. Ó ní ojú ti òun pé irú èyí ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé òun. Ó ní ọgbọ̀n ọdún ni òun ti ń to orúkọ rere jọ bí ẹni ń to bíríkì. Ó ní Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ọkàn ọmọ ènìyàn, òun kò sì ní fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ méjì ni ó wà. Ọ̀kan wà nílé òun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì. Èkejì wà lọ́wọ́ Kàósárà.

"Ẹ ò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni," ni Nọ́síràtù wí.

"Rárá o, Sájẹ́ńtì. Mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láé."

"Ó dáa. Ta ló ti ilẹ̀kùn lánàá?"

"Kàósárà ni."

Nọ́síràtù wo ojú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sì tíì rí èyí tí ó bá a tú àṣírí kan rí.

Tábìlì iṣẹ́ kan wà láàárín ilé, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n kan àpò ìrẹsì mọ́ etí rẹ̀ yíká. Èérún igi àti agolo gọ́ọ̀mù wà lórí rẹ̀. Nọ́síràtù fi ọwọ́ gbá èérún igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹ́ ìwé rẹ̀ síbẹ̀, ó jókòó lórí àga. Tábìlì náà ga jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án lábẹ́ àgbọ̀n. Ó dìde. Gbọ́láhàn gbé kọ́ọ̀bù tíì kan wá fún un, ó gbé e kalẹ̀ lórí ìwé tí ó ṣí sílẹ̀ náà kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí i.

Ẹni tí ó ni pákó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Julianah ni orúkọ rẹ̀, Ìyá Ìwàlẹwà, ọmọ Ìbòkun, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti fẹ̀yìn tì. Òun ni ó pe ọlọ́pàá. Micah ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà.

Kò sunkún. Ó sọ tẹnu rẹ̀ bí ẹni ń ka nǹkan sílẹ̀. Tíṣà Cornelius, bàbá rẹ̀, ni ó la ìrókò náà nígbà tí ìjì wó igi ẹ̀yìnkùlé wọn. Ó gbé pákó kan sí àjà. Ó ní ọjọ́ tí Ìbòkun bá kọ́ ilé ìkàwé fún àwọn ọmọdé, pákó yẹn ni kí wọ́n fi ṣe pátákó rẹ̀. Ogójì ọdún ni pákó fi wà lájà. Bàbá ti kú kí ìlú tó kọ́ ilé ìkàwé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí ni wọ́n fẹ́ ṣí i, orúkọ Tíṣà ni wọ́n sì fẹ́ gbẹ́ sára pákó náà.

"Ṣé ẹ ò lè rí pákó mìíràn rà?"

"Pákó pọ̀ lọ́jà. Èyí tí ọwọ́ bàbá mi kàn, ẹyọ kan ni." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Ọdọọdún ló máa ń gun àjà lọ fi àdí pa á nítorí ikán. Nígbà tó kú, èmi ni mò ń pa á. Ọjọ́ tí mo ń gbé e bọ̀ níbí gan-an, mo pa á tinú tẹ̀yìn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n dákẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí n rí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ tì mọ́lé."

Ohun tí ọ̀gá tésàn náà ti sọ lórí fóònù nìyẹn. Kí oòrùn tó kan àtàrí, kí Nọ́síràtù mú ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá.

Ó pe Kàósárà. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ọ̀dà aláwọ̀ ewé wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó dúró gbagidi.

"Aago mélòó lo ti ilẹ̀kùn?"

"Márùn-ún kọjá díẹ̀, mà. Òjò ti fẹ́ dé."

"Pákó wà níbẹ̀?"

"Mi ò rí i."

"O ò rí i bí i ti báwo?"

"Ọ̀gá ní ó wà ní ahéré yanrìn lẹ́yìn, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ rọ́bà sí i, gọ́ọ̀mù ń gbẹ, kí n má ṣí i. Mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ. Láàárọ̀ yìí mo dé, agádágodo ń rọ̀."

"Kó tó di aago márùn-ún ńkọ́? Níbo lo wà?"

"Ìbòkun. Ọ̀gá ní kí n lọ fi àwọ̀ ọ̀dà han Mọ́mì yìí. Aago méjìlá ni mo kúrò níbí, aago márùn-ún ni mo padà dé."

Julianah mi orí lórí àpótí rẹ̀. Òótọ́ ni.

"Mo sì ti sọ fún Ọ̀gá láti ọjọ́ Ajé," ni Kàósárà ń bá a lọ. "Àdí pọ̀ lára pákó yẹn. Ọ̀dà ò ní dì í mú. Mo ní ká fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, kó sinmi ọjọ́ méjì. Wọ́n ní ẹni tó ń kun ọ̀dà kì í kọ́ ẹni tó ń gbẹ́gi."

"Mi ò bi ọ́ ní ti ọ̀dà. Pákó ló sọnù."

Nọ́síràtù gbé kọ́ọ̀bù kúrò, ó fẹ́ kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Bírò kọ "Kàósárà", ó kọ "aago", ó sì dákẹ́. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó fi ya ìlà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó yà. Ó dá a padà sórí ìwé, ó kọ̀. Ó ju bírò sílẹ̀. Ọjọ́ burúkú máa ń fi ara rẹ̀ hàn láti àárọ̀.

Micah rọra sún mọ́ ọn. Ó ní òun kò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni jẹ́, ṣùgbọ́n Gbọ́láhàn ti ń sọ káàkiri pé òun máa ṣí ilé iṣẹ́ tòun ní Òṣogbo. Irú ìrókò bẹ́ẹ̀ á wúlò fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí sájẹ́ńtì má sọ pé òun ni òun sọ ọ́.

Nọ́síràtù pe Gbọ́láhàn lójú ẹsẹ̀. "Ọ̀gá rẹ ní o fẹ́ ṣí ilé iṣẹ́ ní Òṣogbo."

Micah wo ilẹ̀.

"Mo fẹ́ ṣí i," ni Gbọ́láhàn dáhùn. "Ìgbà wo ló di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Lánàá ńkọ́?"

"Òṣogbo náà ni mo wà. Ọ̀gá rán mi lọ ra abẹ ráútà láti aago mọ́kànlá. Òjò ká mi mọ́ ilé ẹ̀gbọ́n mi, mo sùn síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì àárọ̀ ni mo bá dé." Ó fa abẹ náà yọ nínú àpò, ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. "Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ti inú ẹ̀rọ ṣì mú. Àbí ẹ rò pé orí ni mo fi ru pákó wọ bọ́ọ̀sì? Kọ̀ndọ́kítọ̀ á gbowó èèyàn méjì lọ́wọ́ mi."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

Nọ́síràtù jáde. Ó rìn yí ilé náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ẹrẹ̀ ń fa bàtà rẹ̀. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ ọgbà náà. Ipa bàtà àwọn tí ó wà nínú ilé wà nínú ẹrẹ̀. Ipa táyà kò sí. Ipa kẹ̀kẹ́ ẹrù kò sí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní kété tí Kàósárà ti ilẹ̀kùn, kò sì dá kí ilẹ̀ tó fẹ́ mọ́. Bí àwọn olè bá gbé pákó tí ó wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì kan jáde lẹ́yìn òjò, ẹrẹ̀ ìbá sọ. Bí wọ́n bá sì gbé e kí òjò tó rọ̀, Micah tàbí Kàósárà ìbá rí wọn.

Ó wọ ahéré yanrìn lẹ́yìn. Páànù ńlá kan wà níbẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sá yanrìn odò sí. Ó ṣófo. Ó béèrè lọ́wọ́ Gbọ́láhàn ìgbà tí wọ́n sá a gbẹ̀yìn. Gbọ́láhàn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn sá a kún, àwọn sẹ́ ẹ, nítorí pákó Tíṣà.

"Ta ló lò ó?"

Gbọ́láhàn wo páànù. "Mi ò mọ̀."

Nọ́síràtù béèrè lọ́wọ́ Micah. Micah ní òun kò tíì fẹ́ yanrìn kankan ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ó ní àwọn olè ayé ìsinsìnyí, kò sí ohun tí wọn kì í kó.

Olè tí ó jí yanrìn, tí ó sì fi ẹ̀rọ ráútà sílẹ̀. Nọ́síràtù sọdá títì lọ sí ìsọ̀ télọ̀ kan tí ó kọjú sí ilé iṣẹ́ náà. Marvellous ni orúkọ télọ̀ náà, ó sì ti ń dúró de ẹni tí yóò bi í léèrè. Èdè Ìjẹ̀ṣà ni ó ń sọ, ó sì ń sáré sọ ọ́, tí Nọ́síràtù, ọmọ Òṣogbo, fi ní kí ó rọra. Ẹjọ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Láti aago kan ọ̀sán àná títí di nǹkan bí aago mẹ́rin, òun kò gbọ́ rédíò òun.

Micah ti tẹ̀lé e. "Jẹnẹrétọ̀ ni," ni ó sọ. "Kò síná lánàá."

"Jẹnẹrétọ̀ máa ń hó," ni Marvellous wí. "Èyí ń súfèé. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń jẹ yanrìn yín, Dádì, mo mọ ohùn rẹ̀." Ó fa aṣọ funfun kan yọ láti orí okùn inú ìsọ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú sájẹ́ńtì. Aṣọ ìrìbọmi oníbàárà ni. Eruku pupa rẹ́súrẹ́sú wà lára rẹ̀, ó mú bí ìyẹ̀fun. "Ta ni yóò bá mi fọ èyí?"

Micah wá rántí. Ó ní òtítọ́ ni, òun dán ẹ̀rọ wò díẹ̀ lára igi kékeré kan. Nọ́síràtù ní kí ó gbé igi kékeré náà wá. Kò rí i. Ó ní bóyá àwọn olè gbé e.

Fóònù dún. Ọ̀gá tésàn ni. Ó ní aago mọ́kànlá ti kọjá, kí ni Nọ́síràtù ń ṣe níbẹ̀, ṣé pákó ni ó ń gbẹ́ ni? Kí ó mú obìnrin náà wá, kí ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀.

Ó padà wọlé. Inú ń bí i. Ó mọ̀ pé Micah ń parọ́, ṣùgbọ́n irọ́ kì í ṣe pákó. Kò lè gbé páànù òfo àti aṣọ ìrìbọmi síwájú ọ̀gá kí ó ní òun ti mú olè.

Ó sọ fún Kàósárà pé kí ó múra.

Kàósárà kò jiyàn. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a. "Ta ló máa mú Awwal ọmọ mi nílé ìwé?" ni ó béèrè, kò sì dà bí ẹni pé ó ń bi ẹnikẹ́ni. "Aago kan ni wọ́n ń jáde. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Kò ní tẹ̀lé ẹlòmíràn."

Nọ́síràtù gbé bírò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ojú ìwé kan náà. Bírò tún kọ̀. Ó gba ti Gbọ́láhàn. Òun náà kọ lórí ìlà méjì, ó dé àárín ìwé, ó kọ̀. Ó gba ti Julianah. Ó kọ̀. Sájẹ́ńtì fi ọwọ́ lu tábìlì.

"Kì í ṣe bírò, mà," ni Kàósárà sọ. Ó ti tẹ orí wo ìwé náà, ojú oníṣẹ́ ọ̀dà ni ó fi ń wò ó. "Òróró ló wà lára ìwé yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ṣe sí ọ̀dà. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dì mọ́ ọn, kò ní dì í mú."

Nọ́síràtù gbé ìwé náà sí ojú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ kọjá lára rẹ̀ níbi tí kọ́ọ̀bù tíì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì, ó rí roboto, ó ń dán. Àkàrà kọ́. Kò tíì jẹun. Ó gbé e sí imú.

Àdí ni. Kò sí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi pa lára nígbà gìrì tí ó lè gbàgbé òórùn rẹ̀.

Ó gbé ojú kúrò lára ìwé, ó wo tábìlì.

"Kàósárà, wá síbí. Dúró síbi tó o máa ń dúró sí. Po ọ̀dà fún mi."

"Ọ̀dà?"

"Ṣe bí ẹni ń pò ó."

Kàósárà gbé agolo kan lé tábìlì, ó mú igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí rò ó. Èjìká rẹ̀ gbé sókè. Ó dúró. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo tábìlì.

"Ó ga," ni ó wí.

"Ó ti máa ń ga?"

"Rárá. Ìbàdí mi ló máa ń mọ." Ó gbé igi sílẹ̀. "Àpò ìrẹsì yìí náà, mi ò mọ̀ ọ́n."

Micah ní, "Sájẹ́ńtì, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ oníbàárà ló wà lórí ibẹ̀ o."

"Ẹ kó o kúrò," ni Nọ́síràtù sọ fún Gbọ́láhàn.

Wọ́n kó agolo kúrò, wọ́n gbá èérún igi. Nọ́síràtù fúnra rẹ̀ ni ó fa àpò ìrẹsì ya. Igi méjì ni ó wà lórí ara wọn níbẹ̀. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni tábìlì, ó dúdú, ọ̀dà ogún ọdún wà létí rẹ̀. Èyí tí ó wà lókè pọ́n, ó sì nípọn tó ìka mẹ́ta.

Gbọ́láhàn mú orí kan, Kàósárà mú ìkejì. Wọ́n yí i padà.

Julianah dìde lórí àpótí rẹ̀, ó sún mọ́ ọn. Orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ohun tí eku fi eyín ṣe. Ìdajì lẹ́tà ti lọ. Àwọn tí ó kù ti tẹ́ sílẹ̀ bí ọṣẹ tí ó pẹ́ nínú omi. Rọ́bà ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ létí kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán fún òróró.

"Òróró ni kò jẹ́ kí rọ́bà dì mú," ni Nọ́síràtù wí. Ó ń sọ ọ́ fún Micah, kò gbé ohùn sókè. "Kàósárà kìlọ̀ fún yín lọ́jọ́ Ajé. Lánàá, ẹ rán Gbọ́láhàn lọ ra abẹ tí kò wúlò, ẹ rán Kàósárà lọ sí Ìbòkun, kí wọ́n má baà wò yín. Ẹ fẹ́ yanrìn. Rọ́bà ṣí. Ẹ dojú pákó délẹ̀ sórí tábìlì, ẹ kan àpò bò ó létí. Láàárọ̀ yìí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbẹ́ Bíbélì ṣí ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni tó dé. Èwo ni mo ṣì sọ?"

Micah la ẹnu. Ó dà bí ẹni pé ó ń wá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ dídùn. Kò rí i.

"Mo rí i tó ń ṣí," ni ó wí níkẹyìn. "Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ ṣí. Mo ní bóyá ìyókù á dúró. Mi ò dáwọ́ dúró."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Iwájú Gbọ́láhàn ni Kàósárà ti sọ ọ́ fún mi. Ọmọ tí mo fọwọ́ mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú. Bí mo bá ní rọ́bà ṣí, ó parí. Ó ti mọṣẹ́ jù mí lọ nìyẹn." Ó nu ojú. "Ọjọ́ Ìsinmi, tí gbogbo yín bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fẹ́ gbé e lọ sun lóko."

"Èmi kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Ọ̀gá," ni Kàósárà wí. "Mo ti máa wà ní àtìmọ́lé."

"Mo rò pé wọ́n á kàn bi ọ́ léèrè ni, wọ́n á fi ọ́ sílẹ̀."

Kàósárà tú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ti ká, ó tún un wọ̀.

Julianah ṣì tẹ̀ síwájú pákó. Ó fi ọwọ́ pa ibi tí orúkọ náà ti jẹ, ó wá ti ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó pa ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?" ni ó béèrè.

Kàósárà tẹ̀ ba, ó wò ó. "Ó dáa, mà. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ká ní wọ́n sọ lánàá ni, à bá ti yí i padà, à bá ti máa fọ̀ ọ́."

Gbogbo wọn wo Micah. Òun náà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà lánàá. Òun ni ó gbé ojú tí ó dára náà sókè, tí ó wò ó, tí ó sì da èérún igi bò ó.

"Ṣé ó lè jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?" ni Julianah bi Kàósárà.

"Rárá, mà. Kó sinmi ọjọ́ méjì kí rọ́bà tó kàn án. Bí mo bá ní ó lè ṣeé ṣe, irọ́ ni mo pa."

"Ogójì ọdún ló lò lájà. Jẹ́ kó sinmi."

Gbọ́láhàn mú kẹ́ẹ̀gì, ó lọ ra pẹtiróòlù. Nọ́síràtù ya ojú ìwé olóròóró náà kúrò, ó ká a, ó fi sí àpò nítorí ẹjọ́. Ó kọ orúkọ Micah sí ojú ìwé tuntun, ó kọ tẹ̀lé e pé ó parọ́ fún ọlọ́pàá pé olè jà, ó sì fẹ́ kí wọ́n ti ẹlòmíràn mọ́lé. Bírò kọ ọ́ láìdúró. Ó wá mú Micah jáde sínú ẹrẹ̀, àwọn méjèèjì dúró létí títì, wọ́n ń wá ọ̀kadà tí yóò gbé wọn.